Ẹmu Tí Mo Ti Tọ́ Wò Láti Makurdi Dé Calabar

  Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì tàbí ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú ni màá kọ, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú èmi fúnra mi. Ọ̀rọ̀ ẹmu ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí àwọn Àlàájì wa àti àwọn ìyá ìjọ má bínú sí mi. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ mu ọtí. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá fàyè gbà á, kó ka èyí fún ìmọ̀. Ẹmu ti wà nínú ìtàn wa láti Ilé-Ifẹ̀ wá. Àwọn baba wa sọ fún wa pé Ọbàtálá ni a rán wá dá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í fi í fẹnu kan ẹmu títí di òní. Ohun tó lè gba ayé lọ́wọ́ òrìṣà, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n dáadáa, bí a ò tilẹ̀ ní mu ún.

Ìfẹ́tẹ̀dó ni wọ́n ti bí mi. Oko kòkó ni bàbá mi ní, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ pọ̀ láàrin kòkó náà, bàbá Ùròbò kan ló sì ń dá ẹmu níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko yóò rántí pé àwọn ará Ùròbò ló mọ iṣẹ́ yìí jù lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti apá Delta wá, wọ́n sì sọ ilẹ̀ wa di ilé. Ní kùtùkùtù, bàbá yìí á ti fi igbà gba ìdí, á gun ọ̀pẹ lọ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Á fi ọ̀bẹ mímú gé ẹnu òdòdó akọ ọ̀pẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi rẹ̀ á sì máa kán sínú akèrègbè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gùn lójúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹmu àárọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń bu díẹ̀ fún àwa ọmọdé, nítorí pé kò tíì le.

Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ, omi ṣúgà lásán ni, kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́, àti èyí tó fara pamọ́ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná nínú akèrègbè, ló ń sọ ṣúgà náà di ọtí. Láàrin wákàtí díẹ̀ yóò ti máa hó. Tó bá fi máa di alẹ́, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4 tàbí 5 nínú 100, ìyẹn bíi ti bíà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan, kò sì ní pẹ́ di ọtí kíkan tí ẹ lè fi sè ẹja. Àwọn tó mọ wáìnì òyìnbó a máa fọ́nnu pé ìgò kan lè sùn sínú àjà ilẹ̀ fún 20 ọdún kó sì máa dára sí i. Ẹmu kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé rẹ̀: ọmọdé ni láàárọ̀, géńdé ni lọ́sàn-án, àgbàlagbà ni lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá a níbi tó wà, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún la ọ̀rọ̀ kan, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀ ń pe gbogbo rẹ̀ ní ẹmu. Ògùrọ̀ kì í ṣe ẹmu ọ̀pẹ. Igi ọ̀tọ̀ ni, inú àbàtà àti etí odò ló ti ń hù dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó bá sì ti ṣe é tán, ó kú nìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó yìí ni adẹ́mu máa ń lọ bá a. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀, bí wọn kò bá gé e lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n lè fi máa dá a. Ní ẹnu, ògùrọ̀ fúyẹ́, ó tutù, dídùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹmu ọ̀pẹ wúwo jù ú lọ, ó sì máa ń ní òórùn díẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ògùrọ̀ ni kí wọ́n gbé fún mi láàárọ̀, kí wọ́n gbé ẹmu ọ̀pẹ wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo wà ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kegites wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbo, tàwọn ti akèrègbè àti ìlù wọn. Orin wọn dùn gan-an. Ẹmu wọn ni n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún, omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní 1992 ni mo lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Benue, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè mu ọtí tó ń tẹ́ni lọ́rùn láìsí ọ̀pẹ. Bùrùkùtù ni wọ́n ń mu ní Makurdi. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hu, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi gààrí kún un, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó kan kí wọ́n tó sè é. Àwọn ìyá ló ń pọn ọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin dá sí i. Igbá ni wọ́n fi ń bù ú, orí bẹ́ǹṣì gígùn lábẹ́ igi máńgòrò ni ènìyàn ti ń mu ún. Ó ki bí ẹ̀kọ mímu, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ pupa, ó sì kan díẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rán mi létí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá bàbá mi máa ń fi àgbàdo pọn, tí kò sí ẹni tó tún ń pọn ọ́n mọ́ ní agbo ilé wa. Ó yà mí lẹ́nu pé inú ilẹ̀ Tiv ni mo ti bá ìrántí ìyá àgbà pàdé. Pító náà wà níbẹ̀, òun mọ́ gaara jù, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kano láti 1999 títí di 2004. Òfin Ṣàríà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2000. Kúnú ni mo mu ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kúnú wọn sì dára.

Ní 2005 ni wọ́n gbé mi lọ sí Enugu, ọdún 11 ni mo sì lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́. Àwọn Ìgbò ní orúkọ fún ẹmu kọ̀ọ̀kan: nkwu ni ti ọ̀pẹ, ngwo ni ti ògùrọ̀. Wọn kì í pa méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá gbé ọ̀kan wá nígbà tí wọ́n béèrè èkejì yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní àwọn òkè Udi, ìta Enugu, mo ní adẹ́mu kan tí mo máa ń lọ bá ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò jẹ́ kí n ra ẹmu rí láìjẹ́ pé ó bu díẹ̀ sínú ife tirẹ̀, kó mu ún níṣojú mi kó tó fún mi. Àṣà wọn ni, kí oníbàárà lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Òun ló kọ́ mi láti wo bí ẹmu ṣe ń hó. Èyí tí kò ní omi nínú, hóhó rẹ̀ máa ń wẹ́, á sì pẹ́ lórí ife. Èyí tí wọ́n ti là, hóhó rẹ̀ máa ń tóbi, á sì tètè bẹ́. Ó tún ní kí n wo oyin. Bí oyin bá ń fò yí kẹ́ẹ̀gì ká, ṣúgà ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Bí oyin bá kọ̀ ọ́, kí n fura sí sákárìn. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò gbà fún un, ṣùgbọ́n oyin Udi kò tíì tàn mí rí.

Ohun tí mo kọ́ yìí wúlò ní ọjọ́ tí n kò rò. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó dàgbà sí Enugu, rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó fẹ́ fi ṣe aya, ọmọ abúlé kan ní Udi. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti fẹ́ ọmọ ẹ̀yà mìíràn mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ifẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà kò fọwọ́ sí i lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ní Yorùbá kì í ka ẹ̀kọ́ ilé elòmíràn kún, pé wọn á wá pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìgò òyìnbó, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìwé ohun tí a ó gbé wá, mo rí i pé kẹ́ẹ̀gì ngwo méjì àti kẹ́ẹ̀gì nkwu méjì wà lókè pátápátá, kí ó tó kan bíà, iṣu àti yòókù. Ẹnì kan nínú àwọn tiwa ní kí a ra ẹmu náà ní ojú títì tó wọ Enugu, pé ta ni yóò mọ̀? Mo ní rárá o. Ẹmu yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní December 2022 ni ìnáwó náà. Èmi ti wà ní Calabar nígbà náà. Mo ti Calabar lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo lọ bá adẹ́mu mi. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gun ọ̀pẹ. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ni. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má gbé e lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí n wá ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A kò dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà pa, nítorí pé ẹmu tó ń hó lè fa kẹ́ẹ̀gì ya. A fi ewé tútù dí ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a dé agbo ilé wọn, wọ́n gbé obì kalẹ̀, wọ́n sì ṣe àdúrà sí i lédè wọn. Wọ́n ní obì kì í gbọ́ èdè òyìnbó. Èmi náà rò ó lọ́kàn mi pé bóyá yóò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹmu wa wá síwájú àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó yìí ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún. Ó gbé ife náà sókè, ó wo hóhó rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di ọwọ́ mi mú láìmọ̀. Bàbá náà mu díẹ̀, ó dúró, ó tún mu, ó wá gbé e mì tán, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lédè Ìgbò: ta ló dá ẹmu yìí? Mo dárúkọ adẹ́mu náà àti abúlé rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní "Ọgọ anyị", ìyẹn àna wa. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n bu ẹmu sínú ife fún ìyàwó, tí wọ́n ní kó wá ọkọ rẹ̀ láàrin èrò kó gbé e fún un. Igba nkwu ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà, ìyẹn gbígbé ẹmu. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń nawọ́ lọ́tùn-ún lósì pé kó gbé e fún àwọn, ó ń kọjá lára wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ó kúnlẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún un, ó mu ún tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó kọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dìde láti náwó fún wọn. Mo ti lọ sí ìdána Yorùbá tó pọ̀, tí mo rí àwọn ìgò aláwọ̀ wúrà lórí tábìlì bí ohun ọ̀ṣọ́, mi ò tíì rí èyí tí ọtí ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Calabar yìí náà, ẹ̀kọ́ kò tán. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti wà níbí láti bí 30 ọdún tí ẹ kò sì tíì tọ́ ukot nsung wò. Ògùrọ̀ tuntun ni, èyí tó ṣì dùn bí omi àgbọn. Kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù ni kí ẹ wá a lọ. Àwọn àgbàlagbà Ẹ́fíìkì àti Ìbíbíò kì í fẹ́ èyí, wọ́n ní ti ọmọdé ni. Wọ́n fẹ́ràn èyí tí wọ́n ti fi èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní edat sí. Èèpo náà máa ń jẹ́ kó korò díẹ̀, ó sì máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ó gbà mí ní oṣù mélòó kan kí ẹnu mi tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n báyìí, tí mo bá jẹ ẹja yíyan létí odò, òun ni mo ń béèrè. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ dídì gbé e lé ikùn, ẹja àti iṣu sísun ló bá a mu.

Ufofop, tí àwa ń pè ní ògógóró, ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti mu. Ògùrọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń sè é, ní Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ bákan náà. Ọwọ́ ẹni tó sè é ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn mìíràn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Májèlé ni methanol, ó ń fọ́ni lójú kó tó pani, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ẹnu mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń fi ẹnu mọ nǹkan, ibi tí ẹnu kò bá ti lè ràn mí lọ́wọ́, mo ti kúrò níbẹ̀.

Ó kù díẹ̀ nípa ẹmu inú ìgò. Àwọn tó wà nídìí ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, lẹ́bàá Benin, ti ń ta ẹmu inú ìgò tipẹ́. Wọ́n ń fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má baà kan mọ́. Àbúrò mi kan tún gbé ti ilé iṣẹ́ Nkulenu ti Ghana bọ̀ láti London, ilé iṣẹ́ tí obìnrin kan, Esther Ocloo, dá sílẹ̀ ní 1942. Méjèèjì dùn, ó mọ́, kò sì ní da inú ẹnikẹ́ni rú. Ṣùgbọ́n ẹmu tí kò hó mọ́, fọ́tò ẹni tí a fẹ́ràn ni. Ẹni tó wà ní London nílò fọ́tò. Àwa tí a wà ní Calabar, tí igi rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe? Nípa ti wáìnì pupa tí a ń kó sí orí tábìlì àpèjẹ wa, mo ti tọ́ èyí tó pọ̀ wò. Díẹ̀ nínú àwọn tó ti Gúúsù Áfíríkà wá dára gan-an, pàápàá èyí tí kò ní ṣúgà. Àwọn tó dùn bí oògùn ikọ́ ọmọdé ni a fẹ́ràn láti máa rà ní páálí páálí, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn adẹ́mu ń tán. Ọkùnrin Udi yẹn ní ọmọkùnrin mẹ́ta, kò sí èyí tó fẹ́ gun ọ̀pẹ nínú wọn. Ọ̀kan ń fi kẹ̀kẹ́ Marwa ṣiṣẹ́, àwọn méjì wà ní Èkó. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, igbà lè já, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bàbá Ùròbò tó wà ní oko wa ti kú, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá a. Nínú ìwé tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952, ọkùnrin náà tẹ̀ lé adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú nítorí pé kò rí ẹlòmíràn tó lè dá ẹmu fún un bí ó ṣe fẹ́. Nígbà tí mo kà á ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rín ni mo fi rín.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ àpèjẹ ọdún yìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a ra wáìnì nìkan, pé ẹmu yóò dójú tì wá níwájú àwọn àlejò. Èmi àti àwọn àgbà méjì kan kò gbà. A ti fẹnu kò sí i pé kẹ́ẹ̀gì ukot nsung mẹ́rin yóò wà níbẹ̀, mo sì ti bá adẹ́mu kan sọ̀rọ̀ ní Akpabuyo. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni màá lọ gbé e. Ọkọ̀ mi lè gba ènìyàn mẹ́ta sí i. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń fi igbà gun igi, kó bá mi sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Kí ọmọ náà wọ bàtà tí àbàtà kò ní bà jẹ́.